Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀dé lórí ẹrù ata tí mo fi ránṣẹ́

Ọmọ mi Bọ́sẹ̀dé,

Òkun o. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ní Kàbbà níbí, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ parí ìdánwò, oorun ló ń sùn títí oòrùn fi ń kan àtàrí. Páànù ẹ̀yìnkùlé tún ti ṣí, ẹ má wulẹ̀ dààmú, káfíńtà ti ṣèlérí.

Ẹrù tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà yìí, tìrẹ ni, kúlà kan àti àpò kan. Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí tán kí o tó tú u, nítorí mo mọ̀ ẹ́: o ó ti da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kí o tó mọ ohun tí mo wí.

Àǹtí rẹ tó ń gbé ní Kúbwà wálé wá sìnkú. Ó ní òun yà lọ́dọ̀ rẹ. Kò bú ẹ o, ó ń yìn ẹ́ ni, ó ní ilé rẹ mọ́ tónítóní, pé ilé ìdáná rẹ dà bíi ti inú tẹlifíṣọ̀n, ìgò èròjà ọbẹ̀ méjìlá tò sórí pátákó lókè gáàsì, gbogbo wọn ní ìdérí kan náà. Nínú ìyìn yẹn ló ti jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òun ṣí fíríìjì láti mu omi, òun rí ìgò aáyù àti atalẹ̀ tí o rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti pé o fi ẹnu ara rẹ sọ fún òun pé ìyẹn lò ń mu báyìí, o ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, Bọ́sẹ̀dé. Lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ń ru.

Mo pè ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, o ò gbé e. Mo pè ẹ́ lọ́jọ́ kejì, o tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé o wà ní ìpàdé. Ìpàdé wo ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú? Ó dáa. Èmi ni mo gbé ẹ pọ̀n, mo lè dúró.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgò, torí ìyẹn kò le. Kó wọn kúrò lókè gáàsì lónìí. Òróró kan wà lára gbogbo nǹkan olóòórùn yìí, òun gan-an ni òórùn náà. Bí ooru bá ń fẹ́ sí i lójoojúmọ́, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń kàn án nínú ìgò funfun, ṣe ló ń fò lọ, ohun tó kù fún ẹ kò ju ewé gbígbẹ lọ. Ìwọ á wá máa dà á síi, ọbẹ̀ kò ní ta sánsán, o ó wá mú mágí kún un. Ìdí tí mo fi ń pariwo ìgò nìyẹn. Wá kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn, tó jìnnà sí iná, kí o kó wọn sí i. Má sì máa gbọn ìgò sórí ìkòkò tó ń hó, oru á wọ inú rẹ̀, ewé táìmù á dì. Ṣíbí gbígbẹ ni kí o fi bù ú.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún ẹ pé ìgò méjìlá ni èèyàn fi ń sebẹ̀? Ìyá mi kò ní ju igbá irú, ata, àlùbọ́sà àti edé lọ, àwọn èèyàn sì ń béèrè ibi tí òórùn ti ń wá. Rà á díẹ̀, lò ó tán, kí o tún òmíràn rà. Kọ oṣù tí o rà á sára bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Èyí tí o bá ṣí tí o fi imú sí, tí kò sọ nǹkan kan fún ẹ, kó o dànù, bó ti wù kí ìdérí rẹ̀ dára tó.

Ohun tí mo dì ránṣẹ́ kò pọ̀. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ wà nínú ọ̀rá ńlá, odidi ni o, mi ò lọ̀ ọ́. O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni, nítorí náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tà á: má ra ata tí wọ́n ti lọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀. Ata tó bá dára, tó pọ́n dẹ̀ẹ̀, odidi ni a ń pàtẹ rẹ̀ kí oníbàárà lè rí i. Èyí tí òjò pa, tó ti bu, tí nǹkan funfun ti ń yọ nínú ikùn rẹ̀, ẹ̀rọ ni àwọn kan ń gbé e lọ, torí bí ó bá ti di ẹ̀lọ̀, ojú kò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Oró tó wà nínú nǹkan tó bu yẹn, iná kì í pa á, bí o sè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Ya ata kan sí méjì kí o wo inú rẹ̀. Bí ó bá mọ́, tí hóró rẹ̀ yọ̀ wìnnìwìnnì, já ìdí rẹ̀, yan án díẹ̀ nínú agbada gbígbẹ, kí o lọ ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyókù, padà dé e pinpin.

Irú wà nínú kúlà. Irú wooro ni, irú gidi. Ó ti ń wọ́n, àwọn tó ń sun èédú ti gé igi rẹ̀ lọ, àwọn kan sì ti ń fi sóyà ṣe é tà. Mi ò ní sóyà burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún oníbàárà. Mo sọ fún oní-irú pé kó má fi iyọ̀ sí tìrẹ. Nítorí èyí, kò lè pẹ́ níta. Di í ní ìwọ̀n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kéékèèké, kí o tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí o kó o sí fíríísà. Bí ẹ ò bá ní iná, sá a sóòrùn kó gbẹ koránkorán, kí o kó o sínú ike.

Èèrù àti iyèré wà nínú agolo mílíìkì, kànáfùrù díẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Ọbẹ̀ ata olómi ni wọ́n wà fún, kí o fi wọ́n sílẹ̀ lódidi, kí o má sì kó wọn pọ̀ mọ́ táìmù, wọn á gba òórùn ara wọn. Atalẹ̀ kò pọ̀. Láti ìgbà tí àrùn ti kọlu oko atalẹ̀ àwọn ará gúúsù Kaduna ní 2023 ni èmi ò ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un mọ́.

Mi ò fi aáyù sí i. O mọ ìdí.

Ṣé o ń lo oògùn yẹn, Bọ́sẹ̀dé?

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí ìpotíì kan, òun sì ni gbogbo rẹ̀, ti inú búrẹ́dì, ti inú núdùlù, ti inú ẹja oníyọ̀. Mo dé ilé, mo wo ẹ̀yìn páálí mágí. Ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, iyọ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Lọ wo ẹ̀yìn ike kọ́rì rẹ náà, iyọ̀ wà nínú àwọn mìíràn. O ń ju mágí sí i, o ń bu kọ́rì oníyọ̀ sí i, o tún wá ń tọ́ ọ wò, o ń fi ṣíbí bu iyọ̀ lé e lórí. Jẹ́ kí irú, edé, àlùbọ́sà tó yan dáadáa àti ewé ẹ̀fìnrìn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ wọn nínú ìkòkò, kí iyọ̀ wọlé gbẹ̀yìn, kó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ á kùn. Fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ahọ́n á gbà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kọ yìí, inú ọbẹ̀ ni mo ní kí o kó o sí. Mi ò ní kí o fi wọ́n wo ara rẹ sàn.

Mo ti sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé bàbá yín lo oògùn rẹ̀ títí dé òpin. Kò lò ó. Oògùn tí wọ́n fún un máa ń mú un tọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ojú ń tì í nínú mọ́tò, ó ní kí ni kóun ṣe. Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀. Èmi tí mò ń ta aáyù, èmi tí gbogbo ọjà ń bi pé kí ni àwọn lè lò, mo rẹ aáyù àti atalẹ̀ sínú ìgò, mo fi omi ọsàn sí i, mo ń fún un ní ife kan láràárọ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Orí kò fọ́ ọ, ojú kò kọ̀ ọ́. Mo ń fi ọwọ́ sọ̀yà káàkiri ọjà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ kan ó na ọwọ́ láti gba ife náà, ife bọ́, mo rò pé ó yọ̀ ni, mo tún bá a wí pé kó máa fara balẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ń sọ pé aráyé ló ṣe é, mi ò dá yín lóhùn.

Nígbà tí Àǹtí rẹ dárúkọ ìgò inú fíríìjì, mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e mọ́. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. O kéré nígbà yẹn, ìwọ lò ń bá mi bó aáyù.

Má bínú pé mo ń kígbe. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Àbújá kì í jẹ́ kéèyàn mí, mo mọ̀ pé ọmọ rẹ kékeré kì í sùn lóru. Mo sì mọ̀ pé olóríkunkun ni ẹ́, láti kékeré, ìwọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ata tó fi ra ojú. Kí ló dé tí o kò lè sọ fún mi? Ṣé o rò pé màá máa sunkún ni? Màá sunkún, màá sì tún bá ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oògùn náà kò bá bá ẹ lára mu, padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún ẹ, oríṣiríṣi ló wà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Sọ ti ìgò náà fún un pẹ̀lú. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ wọ̀n, kí o kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀ fún mi. Bí ó bá tó 140 lórí 90, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi pamọ́ fún ìyá.

Mi ò fẹ́ owó. Èyí tí o kò fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, fi ra oògùn.

Mo ti san owó ẹrù, má jẹ́ kí dírẹ́bà gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Dá kúlà padà, ti ẹgbẹ́ ni. Ya fọ́tò káàdì oògùn náà, tojú tẹ̀yìn, kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ lónìí, màá ka èyí tó kù. Ya òmíràn lọ́la lẹ́yìn tí o bá ti lo ti àárọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ