Pásítọ̀, níbo lẹ ti wọkọ̀?

Ọ̀gá Ọlọ́òtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú tipẹ́.

Ní àdúgbò wa nítòsí Sábo, Ìkòròdú níbí, pásítọ̀ kan wá ṣe ìsọjí alẹ́ mẹ́ta. Alẹ́ kejì ni wọ́n gbé bọ́ọ̀dù funfun síta, wọ́n fi máákà pupa kọ 457 gàdàgbà sí i, ìyẹn ọdún 457 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n fa ìlà láti ibẹ̀ dé 1844 létí bọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún, wọ́n ní 2300 ọjọ́ inú Dáníẹ́lì 8, tí wọ́n ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọdún kan, ti parí síbẹ̀, pé látìgbà náà ẹ́ńjúrì táìmù la wà, fèrè ló kù. Gbogbo èrò ń pariwo Jésù. Ilẹ̀ mọ́, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́ọ̀kán ilé wa kò san owó WAEC ọmọ ẹ̀ mọ́, ó ní kí lèèyàn fẹ́ fi WAEC ṣe lọ́run.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èmi náà gbà pé Jésù ń bọ̀. 457 yẹn ni mo bá jà. Mo nawọ́, mo ní "Dádì, ibo ló wà nínú Bíbélì?" Wọ́n ní kí n lọ ka Ẹ́sírà 7. Mo kà á. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé ọdún keje Artasasta ọba Páṣíà ni Ẹ́sírà gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó tán. Àwọn tó ń yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọba ayé àtijọ́ wò ló bá wa ṣírò ọdún keje yẹn di 457 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn mìíràn ní 458. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àmọ́ ẹ sọ fún ìjọ pé ìṣirò ni.

Dáníẹ́lì 9 ní ìgbà tí àṣẹ bá jáde pé kí wọ́n tún Jerúsálẹ́mù kọ́ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àmọ́ àṣẹ tó jáde lórí Jerúsálẹ́mù ò jẹ́ ẹyọ kan. Kirusi, ọba Páṣíà tó ṣáájú, ti kọ́kọ́ pa tiẹ̀ ní nǹkan bíi 538, Dáríúsì náà pa tiẹ̀, Artasasta wá fún Ẹ́sírà níwèé, nígbà tó tún di ogún ọdún ọba kan náà ó jẹ́ kí Nehemáyà lọ, ìyẹn bíi 445. Ẹ wá mú ọ̀sẹ̀ 69 inú Dáníẹ́lì 9 tí wọ́n ní ó máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ẹni Àmì Òróró, ọjọ́ kan fún ọdún kan, 483 ọdún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ lọ́dọ̀ Kirusi, 55 ṣáájú ìbí Jésù lẹ máa bọ́ọ́lẹ̀, wọn ò tíì bí Màríà. Lọ́dọ̀ Ẹ́sírà, ẹ dé 27 lẹ́yìn ìbí Jésù. Lọ́dọ̀ Nehemáyà, ó di 39, Pílátù ti kúrò lórí àga gómìnà Jùdíà láti bíi 36. Robert Anderson, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní London, ló wá ní ọjọ́ 360 ni kí wọ́n ka ọdún kan sí, ó sì fi ìyẹn fa tiẹ̀ padà sí 32. Kọ̀ǹdọ́ tó ń lọ Kétu ò lè gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ yín o, ẹ̀ẹ́ wọlé ní gáréèjì, owó Agric lẹ fẹ́ san!

457 yìí kan náà ni oníwàásù kan tó ń jẹ́ William Miller gbé kiri ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú 2300, ó ku 1843, wọ́n retí Jésù títí. Wọ́n wá rántí pé kò sí ọdún òdo láàárín ọdún 1 ṣáájú ìbí Jésù àti ọdún 1 lẹ́yìn ẹ̀ (ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bímọ Mọ́ńdè tó sì sọ ọ́ lórúkọ Mọ́ńdè kejì, ọjọ́ kẹjọ ló ń pè é), ló bá di October 22, 1844. Àwọn kan fi ire oko sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bó ṣe máa ń mọ́. Pásítọ̀ wa ò dárúkọ ìyẹn rárá lórí bọ́ọ̀dù.

Ìyá ẹlẹ́ja ti padà wá owó náà jáde, àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ ti tì, ọmọbìnrin yẹn ń bá a yan ẹja báyìí, èéfín ń bọ́ sí i lójú. Wọ́n sì ti lẹ pósítà tuntun mọ́ ògiri wa, pásítọ̀ ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Màá tún nawọ́.

Èmi òǹkàwé yín, Ìkòròdú