Saa sita kì í ṣe aago mẹ́fà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lójú ewé ìgbafẹ́ yín, nípa bí èèyàn ṣe lè gba orí omi láti Dar es Salaam ní Tanzania lọ sí erékùṣù Zanzibar. Àwòrán rẹ̀ dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti kà á pé kò yàtọ̀ sí kéèyàn wọ ọkọ̀ láti Àpápá lọ sí Marina, pé kéèyàn ṣáà ti dé èbúté, á rí ọkọ̀ wọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bọ́ awò ojú mi. Mo ti rin ìrìn yẹn. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni, nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Dar es Salaam bímọ, tí mo lọ bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè wá títí débí kẹ́ ẹ má dé Zanzibar." Mo dé ibẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe bí akọ̀ròyìn yín ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti ọkọ̀, torí òun ló rọrùn jù. Kì í ṣe ọkọ̀ onípákó. Fẹ́rì ńlá tó ń sáré ni, ó ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò, nǹkan bíi wákàtí méjì ló sì fi ń dé. Èyí àkọ́kọ́ ń lọ láago méje àárọ̀, ìkẹyìn ń lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Dọ́là 35 ni mo san fún ìjókòó lásán. Ọmọ ìlú kì í san tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kíyẹn bí wa nínú, àwa náà mọ bí a ṣe ń ta ọjà fún òyìnbó. Omi kọ́ ló ń ba ìrìnàjò orí omi yìí jẹ́ fún àlejò. Orí ilẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, kéèyàn tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ rárá.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Àwọn tó ń sọ èdè Swahili kì í ka aago láti òru bíi tiwa. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje àárọ̀ tiwa, saa moja ni wọ́n ń pè é, wákàtí kìíní ojúmọ́. Aago mẹ́sàn-án di saa tatu, ẹ̀kẹta. Ọ̀sán gangan ni saa sita, ẹ̀kẹfà. Tí mo bá rò ó dáadáa, ìṣirò tiwọn tún bọ́gbọ́n mu ju tiwa lọ, torí ta ló ń jí láago kan òru láti ka ọjọ́? Ohun tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àtàwọn ti yá ọ̀rọ̀ yìí. Sáà tiwa, bíi sáà ìwé àwọn ọmọ, òun ni wọ́n ń pè ní saa tí wọ́n fi ń ka aago. Wákàtí tiwa náà wà lẹ́nu wọn, wakati, àmọ́ àkókò lásán ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹbí ni wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ẹbí ò gbà mí.

Àbúrò mi ti bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì aago méje àárọ̀ lórí fóònù. Èmi ní tèmi ti ń kọ́ òǹkà wọn láti ọjọ́ tí mo ti dé, moja, mbili, tatu, mo ń kà á kiri ilé bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo jáde sí ẹnu géètì, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa bajaji, ìyẹn kẹ̀kẹ́ Márúwá tiwa. Mo ní kó wá gbé mi lọ sí èbúté: "Kesho, saa sita." Ọ̀la, aago mẹ́fà, lójú tèmi. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Saa sita mchana?" Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ mchana, àmọ́ ojú ń tì mí láti bèèrè. Mo ní, "Ndiyo," bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ẹ̀rín wọlé, mo sọ fún àbúrò mi pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti ṣètò ọkọ̀ fúnra mi, ní èdè wọn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ bá mi lórí àpò mi lẹ́nu géètì, pẹ̀lú gèlè. Mẹ́fà àbọ̀, kò sẹ́ni tó yọjú. Nígbà tí àbúrò mi fi máa gbé ọmọ jáde tó bá mi níbẹ̀, aago méje ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Mbezi Beach ni wọ́n sì ń gbé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà láàárín Mbezi àti èbúté láàárọ̀, ẹni tó bá mọ Ojúẹlẹ́gbà á gbà mí gbọ́. Ọkọ̀ ti lọ. Ó wá di ọ̀sán gangan, mo ti bọ́ gèlè, mo ń ṣa ìrẹsì, la bá gbọ́ fèrè lẹ́nu géètì. Ọmọkùnrin náà ti fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláìlẹ́gbin, kò sì fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Mchana, ọ̀sán ló ń jẹ́. Àbúrò mi wò ó, ó wò mí, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó sórí àga kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ẹ ṣàkíyèsí o: tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣì mí lọ́nà, ìṣirò òyìnbó ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ẹni tó máa gbé yín dé èbúté ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́ yanjú. Ẹ sọ fún un pé "asubuhi", ìyẹn àárọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìka hàn án lójú aago.

Ọmọkùnrin yẹn náà ló gbé mi lọ, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọ̀sà Èkó ni ojú tèmi rí. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún láàárín ara wọn ní òkun yẹn: kaskazi ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn láti bí oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, kusi ń fẹ́ láti gúúsù nígbà tí mo lọ yẹn, ó sì máa ń le láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ni wọ́n ń ti ọkọ̀ onígbòkun àwọn oníṣòwò Lárúbáwá àti Íńdíà lọ-bọ̀ láyé àtijọ́. Mi ò mọ ìkankan nínú rẹ̀ nígbà tí mo ń jẹ ìrẹsì àti ẹja ní èbúté. A ò tí ì rìn tó ìdajì wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín àpò kéékèèké tí èrò máa bì sí kiri. Bàbá kan tó jókòó tì mí ń jẹ ẹ̀pà. Ó rọra ká bébà ẹ̀pà rẹ̀, ó tì í bọ àpò aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di àpò èébì tirẹ̀ mú, ó sì fi ìkejì bá mi di àpò tèmi mú. Títí a fi dé, a ò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ jókòó nísàlẹ̀ ní àárín ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ ti àárọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i wọ̀.

Ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé àwọn ọmọkùnrin wà lẹ́nu èbúté tí wọ́n lè báni ra tíkẹ́ẹ̀tì kíákíá. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi gbé bírò. Èbúté náà wà ní Sokoine Drive, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St. Joseph's, àwọn àgbèrò sì pọ̀ níbẹ̀ bí ìgbà téèyàn bọ́ sílẹ̀ ní Òṣòdì. Kì í ṣe ti owó tí wọ́n máa fi lé e nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, ọkọ̀ MV Spice Islander I rì láàárín Unguja àti Pemba, àwọn erékùṣù ńlá méjì tó wà ní Zanzibar, pẹ̀lú èrò tó ju agbára rẹ̀ lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì bá omi lọ. Ní oṣù Keje 2012, MV Skagit tó gbéra ní Dar es Salaam rì nínú ìgbì kó tó dé Zanzibar. Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì ti kàn wá nìyẹn, torí èyí tí àgbèrò bá báni rà lè má jẹ́ orúkọ ẹni. Ẹ rà á ní ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀ tàbí lórí ìkànnì wọn, lórúkọ yín gan-an bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó fi orúkọ olórúkọ wọ ọkọ̀, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni wọ́n máa sọ pé àwọn ń wá?

Ó ku ti ìwé. Ẹ pe Zanzibar ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1964 ni òun àti Tanganyika, ìyẹn apá orí ilẹ̀ tí Dar es Salaam wà, ti di ọ̀kan, èyí tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Àmọ́ ó ní ààrẹ tirẹ̀ àti ilé aṣòfin tirẹ̀, wọ́n sì ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò téèyàn bá sọ̀kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dar es Salaam lèèyàn ti wá. Ẹ má fi í sílẹ̀ nílé onílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n tún ti ń béèrè ìwé adójútòfò lọ́wọ́ àlejò tó wá láti òkè òkun, dọ́là 44 fún àgbàlagbà, wọ́n sì ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí téèyàn ti rà ní Nàìjíríà kò dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde lórí èyí nínú gbogbo ojú ewé méjì tí ẹ kọ.

Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Láti pápákọ̀ òfurufú Dar es Salaam ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwa ará Nàìjíríà. Ọ̀rá ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2019 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá onílọ́wọ́ ní Tanzania, irú èyí tí a fi ń ra búrẹ́dì. Ọlọ́run bá mi ṣe é, àbúrò mi ti kìlọ̀ fún mi, ni mo bá da gaàrí àti ẹ̀gúsí sínú ike, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò aṣọ. Obìnrin tó wà níwájú mi nínú ìlà kò rí ẹni kìlọ̀ fún un; ó ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo kọjá.

Ti aṣọ, Mùsùlùmí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará Zanzibar. Ṣòkòtò pénpé inú àwòrán yín, etí òkun ni kó mọ. Ẹ bo èjìká àti orúnkún tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ìlú Zanzibar. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀ ní tèmi, àwọn ìyá tó ń ta kànáfùrù sì ń fọwọ́ pa á wò. Ẹ dé Mkunazini náà, níbi tí ọjà ẹrú wà títí wọ́n fi tì í ní 1873, tí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Mi ò lè pẹ́ níbẹ̀. Mo jáde lọ jókòó síta.

Ẹ kọ ọ́ pé èèyàn lè padà láàárọ̀ kó wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ọkọ̀ lè pẹ́ tàbí kó má lọ rárá, bàálù tó ń gba Addis Ababa wá sí Èkó kò sì ní dúró de ẹnì kankan. Ẹ sùn ní Dar es Salaam mọ́jú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fò.

Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣètò ìsinmi wọn. Ẹ bá wa fi àtúnṣe ti ìwé adójútòfò yẹn sójú ewé àkọ́kọ́ kó tó dìgbà yẹn. Akọ̀ròyìn yín tó kọ ọ́, tó bá fẹ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kó yà sọ́dọ̀ mi. Kànáfùrù tí mo rà ṣì kù, màá sì kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ka aago.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Ṣúrùlérè, Èkó.