Etí ọ̀dà ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti di pàkúté

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ẹ̀dùn ọkàn mi lórí ọ̀nà tó so Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pọ̀ mọ́ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, nítorí ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dákẹ́ lé lórí.

Àwa mẹ́fà la gbéra ní Iléṣà láago mẹ́fà àárọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. A gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè dé Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí nígbà ogun Kírìjí, a yọ sí Òkè-Mẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, jagunjagun ogun náà, a sì já sí Ìtawúrẹ́ kí a tó dojú kọ òkè tó gbé wa wọ Ẹ̀fọ̀n. Jíà tó fúyẹ́ jù lọ ni a fi gun òkè náà, síbẹ̀ òógùn ń ro tótó sórí irin kẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú wa sì sọ̀kalẹ̀ tì í. Ìyẹn kò dùn wá rárá, torí òkè yẹn gan-an la ṣe jáde nílé. Nígbà tí a kí àwọn àgbà níwájú ààfin Aláayè, tí a sì yà sí ibi tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí, àárẹ̀ ti kúrò lára wa.

Ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀rìn ni wàhálà dé. Tírélà kan fọn fèrè lẹ́yìn wa ní ibi tí ọ̀nà ti kọ kọ́nà, àbúrò wa kan sì fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gbẹ́ tí ènìyàn lè yà sí. Táyà iwájú bọ́ láti etí ọ̀dà sínú ihò, kẹ̀kẹ́ dojú dé, ọmọ náà sì fi ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká wọ́lẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ wọn ibi tí táyà ti bọ́: láti ojú ọ̀dà dé ilẹ̀, ó gba ọwọ́ mi láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bu omi wá fún wa, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́kadà méjì ló ti ṣubú síbẹ̀ yẹn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.”

Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà náà ló mọ ohun tó fà á. Erùpẹ̀ àti koríko ti dí gọ́tà pa, omi òjò kò rí ibi gbà, etí ọ̀dà ló wá ń bá sọ̀kalẹ̀, ó sì ń họ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀dà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀dà fi dúró lórí òfìfo, tí táyà tírélà àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò fi já a bọ́. Ẹ bi àwọn aláṣẹ, wọn yóò ní ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ bi àwọn ti àpapọ̀, wọn yóò ní owó kò tíì jáde. Àwọn ti ìhà Ọ̀ṣun ń wo ìhà Èkìtì, àwọn ti Èkìtì ń wo ìhà Ọ̀ṣun, etí ọ̀dà sì ń jẹ wọlé lójoojúmọ́. Ṣé ìgbà tí ẹ̀mí bá bọ́ sí ihò yẹn ni wọn yóò tó mọ ẹni tó ni ọ̀nà?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ṣọ́bìrì lọ. Bàbá mi máa ń sọ fún wa nípa àwọn lébìrà P.W.D., ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú ọ̀nà, tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà láyé ìjọ́un, tí oníkálukú ní ibi tí ó ń tọ́jú. Ẹ dá irú wọn padà. Ẹ gba ọmọ ìlú méjì méjì láti Ẹ̀fọ̀n, Ẹ̀rìn, Ìtawúrẹ́ àti Òkè-Mẹ̀sí, ẹ fún wọn ní ṣọ́bìrì, àdá àti ọmọlanke kan, kí wọ́n máa gba owó oṣù. Kí wọ́n kó gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀; kí wọ́n gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò ní kọ́nà lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, torí táyà kẹ̀kẹ́ wa kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ; kí wọ́n sì di etí ọ̀dà pẹ̀lú ilẹ̀ pupa, kí wọ́n gún un títí yóò fi le. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kékeré nínú owó tí wọn yóò fi tún ọ̀nà náà ṣe bí wọ́n bá jẹ́ kó bàjẹ́ tán. Kí baálẹ̀ ibẹ̀ sì máa fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ wọn kí owó tó jáde, torí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀ bí iṣẹ́ bá wáyé.

Ó tún yẹ kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn máa wà lójú ọ̀nà náà láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn awakọ̀ tírélà sì rí àkọlé tí yóò kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ òkè.

Èjìká àbúrò wa kò tíì gbé sókè títí di àárọ̀ òní tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, ihò náà sì wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, kí ó tó wọ Ẹ̀rìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Iléṣà.