Lupus kì í ṣe ẹjọ́ ẹyin àti ẹ̀wà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Èèwọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń kà lórí WhatsApp fún àwọn tó ní lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, ti pọ̀ jù. Má jẹ ẹyin, má jẹ ẹ̀wà, má fẹnu kan búrẹ́dì, tòmátì náà kò dáa. Ẹni tí àìsàn ti mú gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ni wọ́n tún ń gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tó sábà máa ń gbé lupus dìde kò sí nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ó wà lójú sánmà, ó wà lórí àtẹ kẹ́míìsì, ó wà nínú ike ìpara.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nínú lupus, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló ń kọjú ìjà sí onílé: awọ ara, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní in, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin. Òótọ́ ni pé oúnjẹ gan-an ló ń fa ọ̀kan nínú irú àìsàn báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní celiac. Willem Dicke, dókítà ọmọdé ará Netherlands, fi hàn nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní 1950 pé àlìkámà ló ń da inú àwọn ọmọ tó ní in rú. Òfin celiac yìí ni wọ́n wá gbé kọ́ lupus lọ́rùn.

Oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìtànṣán rẹ̀ ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ ara, ohun tó wà nínú wọn á tú síta, àwọn ọmọ ogun ara á rí DNA wa, èròjà àbínibí inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì pè é ní ọ̀tá. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lójú lè dé oríkèé àti kíndìnrín. Awọ dúdú ń ṣe ìwọ̀nba ààbò, kò tó. Gíláàsì pàápàá kò dí gbogbo rẹ̀: ẹni tó jókòó ti fèrèsé mọ́tò láti Ìbàdàn dé Èkó, oòrùn ń bá a wọlé. Sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn, ni kó lò, èyí tí SPF rẹ̀ (ìwọ̀n ààbò tó ń ṣe) jẹ́ 30 sókè. Kó fún un sórí ìka ọwọ́ méjì, láti ìdí ìka dé orí, fún ojú àti ọrùn, ní ìṣẹ́jú 15 kó tó jáde, kó sì tún un fi ní wákàtí méjì-méjì tó bá wà níta. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ìpara náà máa ń funfun lójú wa, àwọn èèyàn á wá fi bíńtín pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. SPF 50 tí a fi báyẹn kò lè ṣe iṣẹ́ 50. Agboòrùn àti aṣọ alápá gígùn kò ní irú wàhálà yìí. Ẹni tó ń sá fún oòrùn, kó bèèrè àyẹ̀wò fítámì D o.

Ìwé òyìnbó ní lupus máa ń pọ́n lójú bíi labalábá. Lára wa, ó sábà máa ń dúdú tàbí kó pọ́n rúsúrúsú, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kọjá orí imú sí ìkejì. Àwọn èèyàn á ní ìpara ló sun òun, wọ́n á lọ ra ìpara abóra láti fi tún un ṣe. Mákúrì, kẹ́míkà olóró kan, wà nínú òmíràn, ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì lè mú kí àwọn ọmọ ogun ara kọlu kíndìnrín. Àwọn dókítà ní Nairobi ti kọ nípa èyí láti 1972. Tí ẹ bá rí mercury, mercuric, mercurous, calomel tàbí Hg lára ike, ẹ dá a padà. Tí ìtọ̀ bá ń hó tí ìfófòó rẹ̀ kò tètè lọ, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ọsibítù ló kàn.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti oògùn. Lupus fúnra rẹ̀ máa ń mú ibà àti ara ríro wá, ẹni náà á sì máa lo oògùn ibà ẹ̀fọn láìṣe àyẹ̀wò. Sulfa, irú èròjà oògùn kan, wà nínú Fansidar tí wọ́n fi ń wo ibà ẹ̀fọn, ó wà nínú Septrin tó ń pa kòkòrò àrùn, sulfa sì lè gbé lupus dìde. Kí ó dárúkọ àìsàn rẹ̀ kí wọ́n tó ta oògùn fún un. Hydroxychloroquine, oògùn lupus tó yẹ kó máa lò, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 5 lórí kílò kan lójúmọ́: ẹni tó wọn kílò 60, mílígíráàmù 300 ni. Ó lè yún ara bíi chloroquine àtijọ́. Kó sọ fún dókítà, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ti oúnjẹ kò ju méjì lọ. Iyọ̀, pàápàá tí àìsàn náà bá ti wọ kíndìnrín: kó má ju ṣíbí tíì kan lóòjọ́, kí ẹ ka magí mọ́ ọn. Èkejì ni alfalfa, ewéko kan tí wọ́n ń dì sínú hóró aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èròjà canavanine tó wà nínú rẹ̀ ti gbé ohun tó jọ lupus sára àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fi bọ́. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn. Wọ́n lè kọ ọ́ ní Medicago sativa.

Ẹyin àti ẹ̀wà, kó máa jẹ wọ́n lọ.

Àwa apòògùn kan,
Ìbàdàn