Dàn-dàn-dán tí bàbá fi ṣe yẹ̀yẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Nínú ìwé ìròyìn yín ti Sátidé tó kọjá, bàbá kan kọ lẹ́tà pé ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wá nínú orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ kò yé àwọn. Wọ́n ní ariwo òyìnbó ni, pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni gìtá wọn ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti pé ó ti yẹ kó ti kú. Láti fi gìtá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá wá kọ ọ́ báyìí: "dàn dàn dán, dàn dàn dán-dàn." Mo ka ibẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Bébà ló wà lọ́wọ́ mi o, kò sí rédíò nítòsí, ṣùgbọ́n kíá ni mo ti mọ orin tó jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń yọjú wo ìwé ìròyìn lórí èjìká mi náà ti ń fi orí gbà á. Orin tí bàbá fẹ́ sin, àwọn fúnra wọn ló gbé e wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Mókọ́lá.

Sípíkà àti amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, ni mò ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́.

Orin náà ni "Smoke on the Water" ti Deep Purple, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1971, Frank Zappa, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, ń ṣeré lọ́wọ́ nínú ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan ní ìlú Montreux, ní Switzerland, ni ẹnìkan bá yin iná sí àjà. Ilé jó kanlẹ̀. Inú ilé yẹn gan-an ni Deep Purple fẹ́ ti gba orin tiwọn sílẹ̀; èéfín tí wọ́n rí lórí adágún omi ni wọ́n fi kọrin. Ìtàn tó dára ni, àmọ́ ẹ ní kí àwọn tó fẹ́ràn orin náà ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ju ìlà kan lọ. Gìtá Ritchie Blackmore, onígìtá ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ fún yín. Okùn méjì péré ni, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ìka ni Blackmore sì fi ń fà wọ́n pọ̀, kì í ṣe ike pẹlẹbẹ tí àwọn onígìtá máa ń dì mọ́wọ́. Ẹ ta okùn méjèèjì lófìfo, ẹ tẹ̀ wọ́n ní àlà kẹta (àlà ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ẹ tẹ̀ wọ́n ní àlà karùn-ún. Ìró 3 nìyẹn. Ẹ tún padà: òfìfo, kẹta, kẹfà, karùn-ún. Ìró 4. Òfìfo, kẹta, karùn-ún, kẹta, òfìfo. Ìró 5. Ó tán. Gbogbo rẹ̀ kò ju 12 lọ, ibi mẹ́ta péré ni ìka sì ń tẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ wo àtẹ̀gùn: ó dé òkè, ó sinmi, ó gbìyànjú àtẹ̀gùn kan sí i, ẹ̀rù bà á, ó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ padà sílé. Ọmọ iṣẹ́ mi kọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí gìtá tí okùn rẹ̀ ti ṣẹ́ ku mẹ́rin. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ò tíì já.

Ti pé gbólóhùn kan náà ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé bàbá ò mọ omele ni? Ìyáàlù lè máa pòwe, kó máa ki ọlọ́jà, kó máa bú ahun tí kò náwó. Omele ò ní kúrò lójú kan tó wà. Ẹ ní kí omele dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ àwọn oníjó yóò ṣe dojú rú. Nínú orin rọ́ọ̀kì, gìtá ló ń jẹ omele, olórin ló ń jẹ ìyáàlù. Ohun tí Sunny Adé àti Ebenezer Obey ń ṣe náà nìyẹn: nínú àwọn gìtá tó ń fèsì fún ara wọn lójú àwo wọn, ẹ ó rí ọ̀kan tí kì í yẹsẹ̀ kúrò lórí gbólóhùn kékeré tirẹ̀. A ò sì pe ìyẹn ní ariwo.

Ti "òyìnbó" yẹn náà wà ńlẹ̀. Orúkọ tí Rolling Stones, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń jẹ́, inú orin Muddy Waters, olórin aláwọ̀ dúdú láti Mississippi ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mú un. Ginger Baker tó ń lùlù fún Cream, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó kọ "Sunshine of Your Love" ní 1967, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Nàìjíríà láti bá Fẹlá lùlù, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Wọ́n mọ ibi tí omi ti ń sun.

Ẹ wá jẹ́ kí n bọ́ sí ẹ̀ka tèmi. Bí ojú sípíkà bá ya, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á sáré gbé e wá, wọ́n á ní ohùn pásítọ̀ ń ha bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Màá fi gọ́ọ̀mù àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́, màá gbowó mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé àìsàn tí wọ́n ń sanwó fún mi láti wò yẹn ló bí gìtá tí à ń sọ yìí? Ní Memphis ní 1951, amplifáyà Willie Kizart, onígìtá ẹgbẹ́ Ike Turner, bàjẹ́ kí wọ́n tó gba "Rocket 88" sílẹ̀. Wọ́n ki bébà bọ ojú sípíkà tó ya, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 1958, Link Wray, onígìtá ará Amẹ́ríkà, fi pẹ́ńsùlù dá ihò sí sípíkà tirẹ̀ kí "Rumble" lè dún bó ṣe fẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò kan ní Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ orin náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Nígbà tó fi di 1964, ní London, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks, ọmọ ọdún 17, mú bíléèdì, ó ya ojú sípíkà kékeré rẹ̀, ó so ó mọ́ amplifáyà ńlá, "You Really Got Me" sì jáde. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá dán irú ẹ̀ wò, yóò sunkún.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni àṣírí wà. Sípíkà tó ya kì í jẹ́ kí ohùn jáde ní mímọ́. Á máa gbọ̀n, á máa ha, á sì sanra. Bí ẹ bá ta okùn mẹ́fà pọ̀ sórí ohùn tó ti sanra báyẹn, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Okùn méjì ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè gbà, kí ìró má pọ̀, kí ìdákẹ́jẹ́ sì wà láàárín wọn. Ohùn fúnra rẹ̀ ló ní kí onígìtá gé ọ̀rọ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ẹnu sì ń gbé káàkiri. Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Black Sabbath, náà bá irú ẹ̀ pàdé: ẹ̀rọ iléeṣẹ́ irin gé orí ìka rẹ̀ méjì ní Birmingham nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọ-abọ́, ó fi ṣe ìdérí ìka, ó sì wá ọ̀nà tí ìka tó kù lè gbà ta gìtá.

Bàbá lè sọ pé àwọn tó ń ta àwo ni kò jẹ́ kí àwọn orin yìí sinmi. Wọ́n ń tà á lóòótọ́, àtẹ̀jáde tuntun lórí àtẹ̀jáde tuntun. Ta ló wá ta orin fún àwọn èrò pápá ìṣeré? Ní 2003, àwọn olólùfẹ́ Club Brugge, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti Bẹ́ljíọ̀mù, gbọ́ ìró 7 tó bẹ̀rẹ̀ "Seven Nation Army" ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì White Stripes ní ilé ọtí kan ní Milan, ní Ítálì, wọ́n ń fi ẹnu kọ ọ́ lọ sí pápá. Ìgbà tí Ítálì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2006, "po po po po" ni gbogbo ìgboro wọn. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí gìtá.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti bẹ̀ mí kí n má ṣe lẹ sípíkà íǹṣì 10 kan tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti ọdún tó kọjá. Ojú rẹ̀ ya láti etí dé àárín. Mo ní kó sanwó rẹ̀. Ó ní òun á fi gbígbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù san án.

Èmi ni tiyín,
Alátùnúnṣe sípíkà, Mókọ́lá, Ìbàdàn