Ìyẹ́ adìẹ inú gíláàsì

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà láàyè, ara le. Màmá mi ní kí n kí ẹ, kí n sì bi ẹ́ bóyá o ń rí láfún gidi jẹ ní Kánádà yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé. Mo ń bọ̀ láti ọjà ni òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà, mo bá sá wọ mùsíọ́mù kékeré kan tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá tipẹ́ tí mi ò yà. Ilé àtijọ́ ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, yàrá méjì péré. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gba owó ìwọlé, wọ́n tan iná.

Yàrá àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ló wà níbẹ̀: Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ogun Dàhómì ti 1851, ojú ìwé kan láti inú Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nílùú yìí ní 1859, àti àwòrán àwọn Aláké. Mo yára wò wọ́n. Kì í ṣe pé wọn ò dára, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ wọ́n.

Yàrá kejì, ti àwọn aláró tó ń ṣe àdìrẹ, ló mú mi. Ìkòkò aró mẹ́ta wà nílẹ̀, ọ̀kan lára wọn ní ihò nídìí, irú èyí tí wọ́n máa ń da eérú sí kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú àpótí onígíláàsì, wọ́n tẹ́ páànù tí wọ́n gé àpẹẹrẹ sí, àti ìyẹ́ adìẹ kan. Ìyẹ́ adìẹ, Àbẹ̀kẹ́! Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Wọ́n ti re irun ara rẹ̀ dànù, ó ku ti orí ṣóńṣó, ẹ̀kọ sì ti gbẹ mọ́ ọn, ó le, ó funfun bí èékánná. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Àfi bíi pé mo tún wà ní ẹ̀yìnkùlé yín. Màmá rẹ jókòó lórí àpótí, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, abọ́ ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè wà lápá ọ̀tún. Wọ́n á kọ́kọ́ pín aṣọ náà sí ojú-ojú, wọ́n á wá máa fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aró má baà mu ibẹ̀, láìwọn, láìwo ìwé. Bí a bá sáré kọjá, wọ́n á pariwo, "Ẹ má da erùpẹ̀ sí mi láṣọ o!" Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń jà lórí ẹni tó máa dúró ti ìkòkò? Aṣọ á jáde nínú aró, á dà bí ewé tútù, kí a tó ṣẹ́jú mélòó kan atẹ́gùn ti fẹ́ sí i, ó ti di aró. Ọwọ́ Màmá rẹ dúdú dé ọrùn ọwọ́. Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ fún wọn, mo wò ó, aró náà ò ṣá.

Aṣọ àdìrẹ kan wà lára ògiri, wọ́n ń pè é ní Olóba, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935. Orí ọba àti ayaba wà láàárín rẹ̀. Bàbá jẹ́ kí n gbé etí aṣọ náà sókè: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri, torí ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí. Mo wá ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ ọba wà níbẹ̀, ti ayaba wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀. Orúkọ obìnrin tó ṣe aṣọ kò sí.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìlú wo ló jẹ àǹfààní aláró tó Abẹ́òkúta? Ní 1936 tí Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sóódà àti aró òyìnbó tí àwọn aláró ń lò, àwọn ìyá yìí ò jókòó sílé sunkún. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n rojọ́ ara wọn. Nígbà tó di 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jáde lórí owó orí, wọ́n dó ti ààfin Aké, ọ̀rọ̀ náà ò sì rọlẹ̀ títí Aláké fi fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yẹn, orúkọ mélòó ni èmi àti ìwọ lè dá?

Mo bi Bàbá pé ta ló ṣe aṣọ náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó gbé e wá gan-an ò mọ̀. Ìdí àpótí ìyá ìyá rẹ̀ ló ti bá a." Wọ́n wá mú ìwé kan jáde, ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, wọ́n ní ẹni tó bá mọ orúkọ aláró kankan kó sọ ọ́, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ mẹ́sàn-án péré ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí. O rántí aṣọ tí Màmá rẹ fi sílẹ̀, tí a tú okùn àárín rẹ̀, tí o mú apá kan, tí èmi mú apá kan? Bí o bá fọwọ́ sí i, mo fẹ́ gbé ti ọwọ́ mi lọ fún Bàbá, kí wọ́n gbé e kọ́ pẹ̀lú orúkọ Màmá rẹ ní kíkún, oríkì wọn, àti agboolé wọn. Bí o kò bá fẹ́, ibi tó wà náà ló máa wà, kò sí ìjà. Ojú kan tún wà ní igun ìsàlẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó jọ ewé ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àmì wínníwínní kan tò sí àárín rẹ̀. Yẹ ti ọwọ́ rẹ wò bóyá ó wà níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé Màmá rẹ á ti sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹ rí. Pè mí lálẹ́ Ọjọ́rú, mi ò ní tètè sùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́