Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ abúlé fi ń gbégbá orókè

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba láti abúlé bá gbégbá orókè nínú ìdíje ìmọ̀, ìyanu ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń pè é. Inú wa ń dùn sí ìròyìn bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ yẹn ń bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó múlé tì í kò sì ní rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀.

Ìgbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́ ní 1979 ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ káàkiri abúlé Ìbàdàn. Wọ́n kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkéré náà lérè: olùkọ́ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ibi tí ìṣirò ti ń dí i lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni yíyan ọmọ. Wọ́n á ṣa àwọn mẹ́rin tó mọ̀wé jù ní SS3. Àwọn yẹn lè gba ife lọ́dún yìí o, ṣùgbọ́n ìdánwò WAEC á kó wọn lọ, ilé á sì ṣófo. Ọmọ mẹ́jọ ló yẹ: méjì láti JSS2, méjì láti JSS3, méjì láti SS1, méjì láti SS2. Ẹ̀gbọ́n ni kó máa kọ́ àbúrò lójú pátákó. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìṣirò títí tó fi yé àbúrò rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá nìkan kò tó. Ẹ ní kí ọmọ ro 1, 3, 5, 7 pọ̀ títí dé 99. Èyí tó há ìlànà sórí á máa wá ìlànà kiri. Èyí tí a kọ́ dáadáa á kọ́kọ́ dán kékeré wò: 1 àti 3 jẹ́ 4, ìyẹn 2 lọ́nà 2, bí a bá fi 5 kún un, ó di 9, ìyẹn 3 lọ́nà 3. Nọ́ńbà 50 ló wà láti 1 dé 99 níbẹ̀, nítorí náà 50 lọ́nà 50, 2,500. Kò lo kakulétọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdíje ni kì í gba kakulétọ̀ wọlé. Ọmọ tó ti gbára lé e látìgbà JSS1 á kàn máa wo ìwé ni.

Aago mẹ́jì ààbọ̀ sí mẹ́rin lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ti tó. Ẹ má ṣe fi sí ọjọ́ ọjà tàbí Sátidé, oko ni àwọn òbí ń kó ọmọ lọ. Kí gàrí àti ẹ̀pà wà nílẹ̀, torí ebi kì í jẹ́ kí ọmọ ronú.

Agogo tí ọmọ ń tẹ̀ níbi ìdíje láti fi hàn pé òun fẹ́ dáhùn ń ṣẹ́gun ọmọ abúlé ju ìbéèrè lọ. Àwọn tí kò tẹ̀ ẹ́ rí á tẹ̀ ẹ́ kí olùbéèrè tó ka ìbéèrè tán, wọ́n á ṣì í, ìbéèrè á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bọ́tìnnì méjì, gílóòbù kékeré méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, wáyà àti bátìrì, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè so wọ́n pọ̀. Gílóòbù dára ju agogo lásán lọ, nítorí ojú á rí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dáhùn, kí ohùn ara wọn má bàa dẹ́rù bà wọ́n.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọmọ tó gun ọ̀kadà dé Mọ́níyà, tó wọ takisí Micra dé Ọ̀jọ́ọ̀, tó tún wọ òmíràn lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó. Kí òbí tó ní ará nígboro gbà wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

A bẹ ìjọba, kí wọ́n má ṣe máa gbé olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìdíje lọ síbòmíràn láàárín ọdún. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ròyìn irú àṣeyọrí yìí, ẹ bá wa béèrè kíláàsì tí àwọn ọmọ náà wà, àti àwọn tí yóò rọ́pò wọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwa olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì,
Akínyẹlé, Ìbàdàn.